Àwọ̀ Aṣọ Tí Mo Wọ̀ Wọnú Òkun

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni yìnyín máa ń bo ilẹ̀ nílùú òyìnbó. Ẹ ní ṣé òyìnbó máa ń kí ènìyàn. Bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun. Mo ní ẹrẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, Bàbá, ẹrẹ̀ àti akàn. Ó wò mí bí ẹni tó jẹ ẹran tán tó wá ń fún èèyàn ní egungun. Títí di òní kò gbà mí gbọ́.

Ẹnì kan ò bi mí léèrè aṣọ. Bẹ́ẹ̀, aṣọ ni ọ̀rọ̀ mi.

Àwọn tí wọn ò mọ̀ mí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀nà àti afárá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun nígbà náà, omi odò Ọ̀sẹ̀ sì ti ń jẹ ẹsẹ̀ afárá kan lọ́nà Ìfọ̀n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò rán lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, kí ó lè máa wọ ìsàlẹ̀ omi lọ wo àwọn òpó náà. Nínú gbogbo wa ní ọ́fíìsì, èmi nìkan ni mo mọ omi í wẹ̀. Òkèlúsè ni wọ́n ti bí ìyá mi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ ní kékeré. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí ń lọ sí Skọ́tílándì.

Òfin ilé wa

Aṣọ ni ìyá mi ń hun. Òfì rẹ̀ fara ti ògiri ní yàrá iwájú ilé wa ní Ọ̀wọ̀. Ìró ọ̀pá òfì náà ló ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí èmi àti Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wà ní kékeré. Mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá wa kú. Odindi ọdún kan ni Màmá fi wọ dúdú. Ó wọ dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ dúdú lọ sí oko, ó jókòó sídìí òfì nínú dúdú ó ń hun aṣọ aláràbarà fún àwọn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tó bọ́ ọ, ó kó o lọ sẹ́yìnkùlé, ó dáná sun ún, ó sì pe àwa méjèèjì jáde.

Ó ní, "Ẹ wo iná yìí dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà láyé, n kò gbọdọ̀ rí aṣọ dúdú lára ọmọ mi."

Kì í ṣe òfin gbogbo Ọ̀wọ̀ o. Òfin ilé tiwa ni, ṣùgbọ́n ó le ju ti ìjọba lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dá kóòtù àti ṣòkòtò dúdú kan fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi, mo sì wọ̀ ọ́ wálé kí Màmá lè bá mi yọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi.

"Ta ló kú?" ni ó wí.

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"A jẹ́ pé èmi ló kàn nìyẹn."

Mo dá aṣọ náà padà sọ́dọ̀ télọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bàtà dúdú mi nìkan ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní bàtà kì í ṣe aṣọ, pé ilẹ̀ ló ni ín.

Nígbà tí ìrìn-àjò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ń hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi, èyí tí mo lè fi wé ọrùn nítorí òtútù. Mo rántí pé ó ń mú àwọn òwú lọ sójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wò wọ́n pẹ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe dára tó ló ń wò. Nígbà tó parí rẹ̀, ó wé e mọ́ mi lọ́rùn fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ ni n kò gbàgbé.

Ó ní, "Ulé lo ti ń lọ, ulé lo máa padà sí. Tí o bá ń bọ̀, má jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi. Ẹnu ọ̀nà ulé yìí ni mo máa jókòó sí. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí ọ nígbà tí o bá ń bọ̀ lókèèrè, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé kúrò nílé. Gbogbo ẹrù tó kù, ìjọba ló fún mi.

Ìlú etí òkun

Ìlú kékeré kan ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń gbá ènìyàn létí bí tíṣà. Opó apẹja kan tí ń jẹ́ Ẹ́lsì ni wọ́n fi mí wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, nítorí náà, bó ṣe ṣílẹ̀kùn, mo tẹríba mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a. Bí a ṣe kọ́kọ́ mọra nìyẹn, àwa méjèèjì lórí ilẹ̀, tí a ń wá ohun tí kò sọnù.

Òyìnbó ibẹ̀ kì í béèrè bí o ṣe jí. Ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Àwọn apẹja tí mo ń bá pàdé láàárọ̀ á ní, "Afẹ́fẹ́ pọ̀ lónìí," wọ́n á sì máa lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí ni. Nígbà tó yá, mo gbọ́n, mo ń dáhùn pé, "Ó pọ̀ lóòótọ́." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé ọwọ́ sókè sí mi bí ọmọ ìlú.

Ní ti oúnjẹ, kí n má purọ́ fún yín, ebi kò pa mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò yó. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Ẹ́lsì gbé abọ́ kan síwájú mi tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ògì rè é. Iyọ̀ ló fi sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ṣúgà, ó sì wò mí bí ẹ ṣe máa wo ẹni tó da ṣúgà sí ẹ̀gúsí. Ànàmọ́ òyìnbó ni lọ́sàn-án, ànàmọ́ ni lálẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó fún mi ní ẹja yíyan, èyí tí wọ́n fi èéfín igi gbẹ, bí mo sì ṣe fi kan ẹnu ni mo dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó bi mí bóyá kò dára. Mo ní ó dára jù. Nínú èéfín yẹn ni mo ti rí ààrò ilé wa, ẹja tó wà lórí rẹ̀, àti Màmá tó ń lé ológbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rìn rí, ẹ rò pé inú ọkàn nìkan ni àárò ilé máa ń gbé. Rárá o. Nígbà òtútù ilẹ̀ ń ṣú kí ìrọ̀lẹ́ tó dé níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú bẹ́ẹ̀, etí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀pá òfì. Mo máa ń dìde lọ wo ìta. Òkun ni mo máa ń bá, tí ń lu òkúta.

Ní ṣọ́ọ̀bù Áńgọ́ọ̀sì

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dọ́gí ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí á tó wọ omi, a gbọ́dọ̀ lọ yan aṣọ. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Áńgọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gé rọ́bà tó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra di aṣọ amòòkùn. Òórùn gọ́ọ̀mù kún inú ṣọ́ọ̀bù náà dé àjà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé aṣọ yìí fún yín, nítorí ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, aṣọ tó bá fún àgbàlagbà pinpin, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín in. Ti amòòkùn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ bí awọ ẹfọ̀n ṣe lẹ̀ mọ́ ẹfọ̀n. Áńgọ́ọ̀sì ní omi díẹ̀ máa wọlé sáàárín aṣọ àti ara, ara rẹ á sì mú un gbóná, omi gbígbóná yẹn ló máa dáàbò bò ọ́. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà ní ẹ̀yìn tàbí lábẹ́ abíyá, omi tútù tuntun á máa wọlé bí o bá ti ń mira, eyín rẹ á sì máa gbá ara wọn. Ó fi ìka méjì mú rọ́bà náà láti fi hàn mí bó ṣe nípọn tó. Ó ní fún òkun tiwọn, èyí tó nípọn ni kí n mú.

Mo gbójú sókè wo ibi tí wọ́n fi àwọn aṣọ náà kọ́ sí. Dúdú ni gbogbo wọn.

Mo bi í bóyá àwọ̀ mìíràn wà. Ó ní nínú omi, ta ló máa rí ọ? Mo ní kí ó ṣáà jọ̀ọ́. Ó wá inú kọ́ńbọ́ọ̀dù títí, ó fa búlúù kan jáde. Ẹnì kan tó ń lọ sí òkun ilẹ̀ olóoru ló dá a, tí kò padà wá gbà á. Ó fẹ́lẹ́, ó sì fẹ̀ ní èjìká. Mo wọ̀ ọ́. Áńgọ́ọ̀sì fi ìka fa ẹ̀yìn rẹ̀, rọ́bà náà ṣí kúrò lára mi bí ìlẹ̀kùn.

Ó ní, "Òtútù máa pa ọ́ nínú eléyìí, ọmọkùnrin."

Mo ní èyí ni mo fẹ́. Dọ́gí gbé èjìká sókè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé obìnrin kan wà ní Ọ̀wọ̀, lẹ́yìn òkun àti aginjù, tí kò gbọ́dọ̀ kú nítorí aṣọ tí mo wọ̀? Lójú tèmi nígbà yẹn, bí mo bá wọ dúdú, n kò ní bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Òtútù

Òtútù tó mú mi nínú òkun yẹn, n kò mọ ohun tí mo lè fi wé fún yín. Kì í ṣe ti ọyẹ́. Ti ọyẹ́, ẹ̀rín ni. Eléyìí ń gba ibi èjìká aṣọ náà wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀. N kò tíì dé ìsàlẹ̀ rárá tí ìka mi fi ń kú. Wọ́n fún mi ní sípánà kí n fi tú ìdè irin kan tí wọ́n ń pè ní bóòtù nísàlẹ̀ omi. Mo rí sípánà náà lọ́wọ́ mi, mo sì rí i nígbà tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò lè pa ìka dé láti mú un. Dọ́gí ló fà mí jáde.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kejì. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Dọ́gí kò pariwo mọ́. Ó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní, "Ọ̀rẹ́, o mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè máa mú ọ sọ̀ kalẹ̀ lọ kú. Pààrọ̀ aṣọ yẹn, tàbí kí n kọ̀wé pé kí wọ́n mú ọ padà sílé."

Ẹ wo ọ̀ràn tó dé bá mi. Ilé ni mo ń fẹ́ lọ́sàn-án lóru. Ilé náà ni wọ́n ń nawọ́ rẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n lé padà, tí afárá Ọ̀sẹ̀ yóò sì wà bó ṣe wà. Bí mo bá dúró, dúdú ni mo máa wọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹ́lsì gbé tíì fún mi nídìí iná, ó ní kí ló dé tí mo ń wọ aṣọ ọmọdé wọnú òkun àgbà. Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ó rẹ̀ mí, n kò lè fi pamọ́ mọ́. Mo sọ fún un, láti orí iná tó jó lẹ́yìnkùlé wa títí dé orí sípánà.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà nílé ọkọ, òun kò fọ aṣọ rí lọ́jọ́ tí ọkọ òun bá ń lọ sójú òkun, kí òun má baà fọ̀ ọ́ dànù. Mo bi í pé ṣé òkun kọ́ ló padà pa á. Ó ní rárá, orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo nǹkan tí mo máa ń wé mọ́ ọrùn yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi.

Obìnrin yìí máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn hun súwẹ́tà apẹja, ó mọ òwú. Ó yí ọ̀já náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Dúdú yìí mú kí yẹ́lò rẹ̀ tàn dáadáa."

Mo ní kò sí dúdú níbẹ̀. Búlúù ni, funfun ni, yẹ́lò ni.

Kò bá mi jiyàn. Ó gbé ọ̀já náà lé yẹ̀rì dúdú tó wọ̀, ó sì fa àtùpà sún mọ́ ọn. Àwọn ìlà tó wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, tí mo ti ń pè ní búlúù láti Ọ̀wọ̀, wọnú yẹ̀rì náà lọ, n kò rí wọn mọ́.

Mo gbà á, mo gbé e sún mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn mí. Màmá mi, tó mọ òwú ju bí mo ṣe mọ orúkọ mi lọ, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun dúdú, tó sì wé e mọ́ mi lọ́rùn lọ sí ìdálẹ̀. Ó ti mọ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ pé ibi tí mo ń lọ, dúdú kò ní ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti fún mi láyè láìla ẹnu. Aṣọ ọ̀fọ̀ kì í ní ìlà. Bí yẹ́lò bá ti là á, ó ti kúrò ní ti òkú. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi dà lójú mi, Ẹ́lsì náà sì ń rẹ́rìn-ín tẹ̀lé mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọ̀já náà lọ bá Áńgọ́ọ̀sì. Mo ní kí ó gé èyí tó nípọn fún mi, dúdú, ṣùgbọ́n kí ó fi ìlà yẹ́lò sí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ní téèpù yẹ́lò fún irú rẹ̀, ó ń mú ojú ìsopọ̀ lágbára pàápàá. Ó wọn ara mi láti ọrùn ọwọ́ dé kókósẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́, àtíkè ni a kọ́kọ́ dà sí i nínú kí ara lè yọ̀ wọlé, èmi àti Áńgọ́ọ̀sì sì jọ bá a jà títí òógùn fi bò wá. Ó fa ẹ̀yìn rẹ̀, kò ṣí. Ó fa abẹ́ abíyá, kò ṣí. Ó gbá mi léjìká.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun kan náà. Omi wọlé, ó tutù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbóná lára mi, ó sì dúró. Mo tú bóòtù. Mo dè é padà. Mo jókòó sórí òkúta kan nísàlẹ̀ níbi tí ariwo kankan kò sí, mo ń wo ìlà yẹ́lò lórí apá mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rò pé mo wà lọ́dọ̀ Màmá.

Ilé

N kò sọ fún ẹnì kankan pé mò ń bọ̀. Bó ṣe wí ni mo ṣe. Gáréèjì ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò wa, pẹ̀lú aṣọ rọ́bà náà nínú àpò lẹ́yìn mi àti ọ̀já lọ́rùn mi nínú oòrùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí mi nítorí ọ̀já náà. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kọjú sójú ọ̀nà, gẹ́lẹ́ bó ṣe wí. Mo dúró lókèèrè kí ó lè rí mi tẹ́rùn. Ó ń wo ọ̀kánkán mi. Mo gbé ọwọ́ sókè. Kò gbé tirẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, mo sì ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, títí mo fi dé iwájú rẹ̀. Nígbà náà ló yí etí sí mi.

"Ta nìyẹn?"

Bọ́sẹ̀ jáde láti inú ilé, ó rí mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Òun àti àwọn ẹbí ti mọ̀ pé ojú Màmá ti fọ́, wọ́n sì fi pamọ́ fún mi kí n má baà fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sáré wálé. Dókítà ní ojú náà ti ń lọ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, pé kò sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe mọ́. Mo wo ẹ̀yìn wọn nínú yàrá. Aláǹtakùn ti ta sí òfì.

Màmá di ojú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó fọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn mi, ó sì bá ọ̀já náà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Funfun rè é. Yẹ́lò rè é. Búlúù ni mo fi sí etí rẹ̀ méjèèjì. Òun ni mo hun kẹ́yìn, ọmọ mi. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo yẹ búlúù yẹn wò dáadáa lójú fèrèsé."

 Mo rántí ayọ̀ tí mo yọ̀ nídìí iná Ẹ́lsì. Kò fún mi láyè kankan. Kò rí i ni pé dúdú ni.

Mo ti wọ odò Ọ̀sẹ̀ báyìí, mo ti wo ẹsẹ̀ afárá náà, wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Omi wa lọ́ wọ́ọ́rọ́, n kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rọ́bà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mò ń wọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wálé láti Ìfọ̀n, Màmá ní kí n gbé e lé òun lẹ́sẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé aṣọ ènìyàn le báyìí. Ó fọwọ́ tọ ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ó bá téèpù Áńgọ́ọ̀sì pàdé, ó sì tẹ̀lé e láti ọrùn títí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ṣe ìlà yìí mọ uṣẹ́. Àwọ̀ wo ni?"

"Yẹ́lò ni, Màmá."

"Aṣọ fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀ wò mí. Mo wo ojú Màmá tí ó gbé sókè sí mi, tí ó ń wò mí tí kò rí mi. Ojú yìí kan náà ni mo kojú òtútù nítorí rẹ̀.

"Búlúù ni, Màmá."

Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Búlúù ti máa ń bá ọ mu láti kékeré."

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ará Ìfọ̀n, ẹnu ọ̀nà yẹn ló ṣì máa ń jókòó sí. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ yà kí i. Bí ó bá sì bi yín pé, ẹ̀yin tí ẹ rí ọmọ òun nínú odò Ọ̀sẹ̀, aṣọ wo ló wọ̀, mo bẹ̀ yín, búlúù ni kí ẹ sọ.